Bí a ṣe ń fi ìgbéyàwó Ọbabìnrin Victoria ṣe eré ìparí ọdún nílé-ìwé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí oṣù keje bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ọ̀gá ilé-ìwé á pè yín sí ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí ẹ wá eré tí àwọn ọmọ máa ṣe lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ìgbéyàwó ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń mú torí ó rọrùn: ìyàwó kan, ọkọ kan, alága ìdúró, ìlù, ó parí. Pírámárì karùn-ún àti ìkẹfà ni mò ń kọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọwọ́ mi sì ni ètò eré wà. Ìgbéyàwó ni èmi náà máa ń mú, ṣùgbọ́n ti Ọbabìnrin Victoria ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Albert ọkọ rẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe é, kí ẹni tó bá wù lè gbà á ṣe.

Kí ẹ tó mú bírò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọge tó wọ aṣọ funfun lẹ fẹ́ ṣe. Ilé kan ni eré yìí dá lé lórí, níbi tí ìyàwó ti jẹ́ ọba, tí ọkọ sì wọlé bá a láìní oyè kankan nílùú náà. Ta ni yóò jókòó síbo? Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ta? Bí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ wo ni ọkọ yóò gbájú mọ́? Ẹni tó bá fi ìbéèrè wọ̀nyí sọ́kàn á mọ ibi tó yẹ kó fà gùn àti ibi tó yẹ kó sáré kọjá.

Ẹ yan àwọn ọmọ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ga jù ní kíláàsì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọbabìnrin. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Victoria kúrú, kò tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ohùn rẹ̀ tó já gaara ni àwọn àgbààgbà fi ń dákẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ wá ọmọ kékeré tí ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìn kánópì láìsí máìkì, tí kì í wolẹ̀ bí àgbà bá tẹjú mọ́ ọn. Ti Albert tún le ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìdúró rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú ọmọkùnrin tó lè dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú méjì láìha orí, láìfa ṣòkòtò. Ìyá rẹ̀ lè wá bá yín pé kí ló dé tí wọn ò fún ọmọ òun ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀. Ẹ fi sùúrù dá a lóhùn pé bó ṣe rí fún ọkùnrin náà gan-an nìyẹn, àti pé ara ọmọ rẹ̀ ni ojú gbogbo èèyàn máa wà.

Ẹ tún nílò Lord Melbourne, olórí ìjọba, àgbàlagbà tó fi ogójì ọdún ju ọba lọ, tó sì dà bíi bàbá fún un. Ẹ nílò Lehzen, obìnrin ará Jámánì tó tọ́ Victoria dàgbà, tí kọ́kọ́rọ́ ààfin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá àwọn ìjòyè bí ẹ bá ṣe lè rí. Ní ti asọ̀tàn, èmi kì í lo ọmọ tó ń ka ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlàrí ni mo máa ń lò. Àwọn òbí tó mọ ààfin Ọ̀yọ́ dáadáa mọ ìlàrí: ẹnu ọba ni, ohun tó bá sọ, ọba ló sọ ọ́. Ẹ má fá orí ọmọ ọlọ́mọ lápá kan o. Fìlà tí ìdajì rẹ̀ dúdú, tí ìdajì rẹ̀ funfun, ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló máa ń gba àkókò jù nígbà ìdánrawò, ẹ yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Níwájú àwọn ìjòyè, "Kábíyèsí" ni Albert máa ń pe ìyàwó rẹ̀, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ku àwọn méjì nínú yàrá, kí wọ́n máa sọ "ìwọ" síra wọn, kí Victoria sì pè é ní Albert bí akẹgbẹ́ ṣe ń pe akẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n lóòótọ́. Ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1819 ni wọ́n bí Victoria, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bí Albert ní Jámánì, agbẹ̀bí kan náà ló sì gbẹ̀bí àwọn méjèèjì. Mo máa ń jẹ́ kí ìlàrí sọ ti agbẹ̀bí yìí sókè, torí àwọn ìyá tó wà níjòkòó máa ń fẹ́ràn rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ọmọ kan á ti na ọwọ́ pé, "Anti, ṣé kì í ṣe ẹbí ni wọ́n?" Ẹbí ni wọ́n. Bàbá Albert ni ẹ̀gbọ́n ìyá Victoria. Lọ́dọ̀ tiwa èèwọ̀ ni, lọ́dọ̀ àwọn ọba Yúróòpù nígbà náà kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àwọn àgbà ìdílé gan-an ló ń ṣètò rẹ̀. Leopold, ọba ilẹ̀ Belgium, tó jẹ́ àbúrò fún bàbá Albert àti ìyá Victoria, ni alárinà wọn. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bó ṣe wà, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ tó bá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ nípa ilé ẹlòmíràn á tún lè bi í léèrè nípa ilé tirẹ̀.

Ìran kìíní: àárọ̀ ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1837, aago mẹ́fà. Ọba William Kẹrin, àbúrò bàbá kọ́ o, ẹ̀gbọ́n bàbá Victoria ni, ti wàjà lóru. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury àti ìjòyè ààfin kan ti gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin wá sí ààfin Kensington, ìyá Victoria sì lọ jí i. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni. Aṣọ ilé tó fi bo aṣọ oorun ló wọ̀ jáde sí àwọn àgbààgbà yìí, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún un. Níbí, kí àwọn ọmọ tó ń ṣe àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ọmọbìnrin kékeré yẹn dúró nínú ìró tó fi sùn. Kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ sunkún. Lẹ́yìn náà ni ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe dáadáa: títí di alẹ́ àná, yàrá ìyá rẹ̀ ni Victoria ń sùn. Ọjọ́ tó jọba gan-an ló ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun kúrò níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní méjì sórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ ká ẹní kan, kó gbé e láti apá ọ̀tún kọjá sí apá òsì, kí ìyá sì máa wò ó lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí onílù yín bá fẹ́ fi gángan dá sí i, ẹ dá a dúró.

Ìran kejì ni gbogbo èèyàn wá wò. Oṣù kẹwàá ọdún 1839, ààfin Windsor. Albert àti Ernest ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ 10. Ìrìn orí omi ti dà wọ́n láàmú, ẹrù wọn kò sì tíì dé, wọn ò rí aṣọ tó yẹ wọ̀ síbi oúnjẹ alẹ́. Ẹ gbé Victoria sórí bẹ́ǹṣì, torí orí àtẹ̀gùn ló dúró sí kí wọn káàbọ̀, kí àwọn méjèèjì gòkè wá bá a pẹ̀lú aṣọ ìrìn-àjò. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 15, ni ọba ránṣẹ́ pe Albert.

Victoria ló máa sọ pé òun fẹ́ ẹ. Ẹ ti mọ ariwo tí àwọn òbí máa pa. Kò yẹ kí ariwo yẹn bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà, torí bí èèyàn bá fi ẹ̀rín wọ inú ìran yìí, wọ́n á rò pé ojú Victoria ló là jù, ìtàn náà á sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìlàrí fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, kó fi ọ̀pá lu ilẹ̀, kó ní: "Ọkùnrin wo ló lẹ́nu tó máa wí fún ọba pé mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya? Kò sí. Ọba ni yóò sọ ọ́." Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo wọn tán síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Albert á wọlé. Victoria bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ní ó dá òun lójú pé yóò ti mọ ohun tí òun torí rẹ̀ pè é, pé inú òun á dùn kọjá ààlà bó bá gbà fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ yín sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ọba lè dá ẹni lẹ́bi, ó lè dá ẹni láre, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí lè bọ́ sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bíi ti ẹnikẹ́ni. Albert gbà. Wọ́n dì mọ́ra wọn ní Windsor. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

Ìran kẹta kò gbọdọ̀ pẹ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù kọkànlá, ọba dúró níwájú àwọn ìjòyè ìgbìmọ̀ rẹ̀ tó lé ní ọgọ́rin, ó kà á fún wọn pé òun máa fẹ́ Albert. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì so ẹ̀gbà tí àwòrán Albert wà lára rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Ìjọba ní kí wọ́n máa fún Albert ní 50,000 pọ́ùn lọ́dún, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gé e sí 30,000. Ẹ ka ìdì owó márùn-ún sórí tábìlì níwájú Albert, kí ìjòyè kan wá kó méjì lọ níṣojú rẹ̀. Albert ò ní sọ nǹkan kan. Ibí ni ẹ máa mọ̀ bóyá ẹ yan ọmọ tó tọ́.

Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1840, ní ilé ìsìn ààfin St James's ní Lọ́ńdọ̀nù. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sọ ìyẹn, torí òjò oṣù keje náà lè wá bá yín lórí ìtàgé. Ẹ má dé adé fún Victoria. Gbogbo ibi tí mo ti rí i tí wọ́n ṣe eré yìí, adé bébà wúrà ni wọ́n ń dì lé e lórí, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Òdòdó igi ọsàn ló fi ṣe ẹ̀ṣọ́ orí. Ẹ gé bébà funfun, ẹ fi òwú so ó. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ sátìnnì funfun tí wọ́n hun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, léèsì tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí àwọn obìnrin Devon fi ọwọ́ ṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ti ìlú rẹ̀ ni, kí iṣẹ́ lè wà fún wọn. Torí bẹ́ẹ̀, aṣọ òfì ni mo máa ń fi wọ àwọn ìjòyè inú eré yìí, mo sì máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n yá wa ní èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí wọn. Aṣọ Ìṣẹ́yìn kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Aṣọ ológun pupa ni Albert wọ̀. Ẹ̀wù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onífèrè ilé-ìwé á ṣe é.

Ọmọbìnrin méjìlá ló gbé ìrù aṣọ ìyàwó. Aṣọ náà kò gùn tó fún méjìlá, wọ́n ń kọsẹ̀ lára wọn. Bí iye ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ inú eré bá pọ̀ jù fún yín, ibí ni ẹ ti máa rí àyè fún wọn. Bàbá Victoria ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, àbúrò bàbá rẹ̀, Duke ti Sussex, ló fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

Ẹ wá dúró síbi ẹ̀jẹ́, ẹ má sáré. Ìyàwó máa ń búra nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà pé òun á máa gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà bi ọba léèrè ṣáájú bóyá kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Victoria ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé bí obìnrin ni òun fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, kì í ṣe bí ọba. Ó sì búra. Ṣùgbọ́n ṣáájú ọjọ́ yẹn, nígbà tí Albert fẹ́ kí wọ́n fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láti sinmi lẹ́yìn ìgbéyàwó, Victoria yìí kan náà ló kọ̀wé sí i pé ó ti gbàgbé pé ọba ni òun, pé iṣẹ́ ìlú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n lò ní Windsor. Ẹ so nǹkan méjèèjì pọ̀: kí ọmọ yín búra pé òun á gbọ́ràn sí ọkọ, kí orin parí, kí Melbourne sì gbé àpótí ìwé ìjọba wọlé kí wọ́n tó bọ́ aṣọ ìgbéyàwó. Kí ọba jókòó, kó ṣí i. Kò parọ́ níwájú pẹpẹ, kò sì ṣàṣejù nídìí àpótí. Òótọ́ méjèèjì ló wà lára obìnrin kan ṣoṣo, èyí ló mú mi fẹ́ràn eré yìí ju gbogbo eré ìgbéyàwó mìíràn lọ. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọbìnrin tó ń ṣe Victoria títí yóò fi yé e dénú. Bí kò bá yé e, á ṣe é bí ẹni tó ń gbéra ga.

Ìran karùn-ún: tábìlì kan, àga kan. Ọba ń fọwọ́ sí ìwé. Albert dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bébà tó ń fa yíǹkì, bó bá ti fọwọ́ sí i tán, kó tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ohun tí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lehzen ń kọjá lẹ́yìn pẹ̀lú ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń dún. Nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni Albert kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé ọkọ ni òun, òun kì í ṣe baálé. Kí Albert sọ ọ́ fún àwọn òǹwòran tààrà, láìgbé ohùn sókè. Mo ti rí àwọn bàbá tó ń mi orí síbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe yípadà ni ẹ wá máa fi hàn, kó má bàa dà bíi pé idán ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé: ti àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1840, ti ìkẹsàn-án ní 1857. Bí ọba bá lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Albert ló ń ka ìwé ìjọba, tó ń kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lehzen padà sí Jámánì ní 1842, Albert sì gba ètò ààfin tó ti wọ́. Kí àwọn ọmọ méjì gbé tábìlì kejì wọlé, kí wọ́n gbé e ti tàkọ́kọ́ pẹ́kípẹ́kí, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jókòó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò gba àga ọba. Ó gbé àga tirẹ̀ wá.

Ìran tó kẹ́yìn ni ti wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, lẹ́yìn àfihàn ńlá tí Albert ṣètò ní Hyde Park, tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà lọ wò, àlejò kan wọ Windsor: Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn, lápá Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ó ń fi àwòrán ilẹ̀ Yorùbá han Albert, ó ń ṣàlàyé òwò ẹrú tó wà ní Èkó, obìnrin kan sì wọlé wá, aṣọ ara rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Crowther ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé ọba ni, àfìgbà tó gbọ́ bí wọ́n ṣe pè é. Wọ́n ní kó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá, ó kà á, Victoria sì ní èdè náà dùn-ún gbọ́. Kí Àjàyí yín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run", kí gbogbo ilé-ìwé sì dìde bá a kà á parí. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ sọ fún wọn ní kíláàsì pé oṣù tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, pé ní 1861 wọ́n sì gbà á pátápátá. Àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tábìlì méjì yẹn náà ni ìwé ilẹ̀ wa ń gbà kọjá.

Ọdún 1861 yẹn ni Albert kú, lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá, ẹni ọdún méjìlélógójì. Victoria wọ aṣọ dúdú títí ó fi kú ní 1901. Èmi kì í fi òkú sórí ìtàgé lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ìlàrí á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ó tó.

Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lọ, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Bí bàbá kan bá dìde lẹ́yìn eré pé ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ máa wólẹ̀ fún ìyàwó ni, ẹ má bá a jà. Ẹ rán an létí Philip, ọkọ Elizabeth Kejì, tó bá ìyàwó rẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní 1956, tó sì ti kúnlẹ̀ búra fún un ní gbangba lọ́jọ́ tí wọ́n dé e ládé ní 1953. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n lò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí eré tó parí, lẹ́yìn gbólóhùn ìlàrí nípa ikú Albert, kí àwọn ọmọ Victoria mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọlé, láti orí èyí tó ga jù títí dé orí ọmọ pírámárì kìíní, kí ìlàrí sì kéde pé ní 1857, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, ọba fúnra rẹ̀ fi oyè ọkọ ọbabìnrin dá Albert lọ́lá. Ìgbà tí ọmọ kẹsàn-án bá dúró ni onílù tó lè gbá a.